Báwo ni wọ́n ṣe ń ní ju gbogbo ìpín tó wà lọ?

ÌyáÌbejì_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Oṣù kìíní 2021, ọmọ àbúrò mi kó mi sí ọ̀rọ̀ GameStop, àwọn tó ń ta géèmù níbí. Ìpín ilé-iṣẹ́ wọn mẹ́ta ni mo rà, 312 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 27. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣì ń wá ibi tí mo máa páàkì sí níbi iṣẹ́ nígbà tí mo rí 483 lórí fóònù. Mi ò tà. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, 53 ló kù.

Owó ti lọ, mo ti gbà. Ohun tí kò yé mi títí dòní ni pé wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù mi pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ní ju ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìpín náà lọ, àti pé èyí tí wọ́n yá tà náà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣé èmi ni mi ò mọ ìṣirò ni, àbí olè ni wọ́n?

AlágbàtàTẹ́lẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàtà ìpín ní Marina, l'Ékòó. Kì í ṣe olè.

Ẹ jẹ́ ká fi gàrí ṣe é. Àpò mẹ́wàá péré ló wà lọ́jà, Ìyá Ṣadé ló ni gbogbo ẹ̀. Mo yá mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀, mo tà á fún Bàbá Kúnlé ní 50,000 náírà àpò kan. Mò ń retí kó wálẹ̀ sí 35,000, kí n rà á padà, kí n dá gàrí onígàrí padà, kí èrè ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká pè mí ní ayátà. Ìyá Ṣadé ṣì kọ mẹ́wàá sínú ìwé ẹ̀, torí mo jẹ ẹ́ ní mẹ́rin. Bàbá Kúnlé kọ mẹ́rin. Mẹ́rìnlá nínú ìwé, mẹ́wàá nínú yàrá. Bí Bàbá Kúnlé bá tún wá yá ẹlòmíì ní tiẹ̀, tí onítọ̀hún náà tà á ńkọ́?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni Ìyá Ṣadé: àpò owó ìfẹ̀yìntì àti irú wọn. Wọ́n ń gbowó lórí èyí tí wọ́n yáni, wọn kì í sì í sáré tà. (Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n tún ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn ẹ̀. Oúnjẹ àná lẹ rí lórí fóònù yẹn.) Bí èyí tó ń rìn lọ́jà bá ti kéré, ìdààmú dé bá ayátà nìyẹn, torí dandan ni kó rà á padà.

Ẹ wo Volkswagen ní Jámánì. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2008, Porsche, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, kéde pé ìdá 42.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín Volkswagen ti wà lọ́wọ́ òun, àdéhùn sì wà lórí 31.5 mìíràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Lower Saxony di bí ìdá ogún mú, kò tà. Kò tó ìdá mẹ́fà tó kù, bẹ́ẹ̀ gbèsè àwọn ayátà tó bí ìdá méjìlá. Gbogbo wọn ya lu ọjà pọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 210 yúrò ní Ọjọ́ Ẹtì kọjá 1,000 ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ti Jámánì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn kó GameStop mọ́ ọn. SEC, àwọn tó ń ṣọ́ ọjà ìpín l'Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní oṣù kẹwàá 2021. Èyí tí wọ́n yá tà dé bí ìdá 123 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ń rìn lọ́jà lóòótọ́, àwọn ayátà sì rà padà, àmọ́ díẹ̀ ni tiwọn nínú gbogbo ríra ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àwa tí à ń fi fóònù rà la gbé e dúró lókè. Èmi náà rà.

AlágbàtàTẹ́lẹ̀:
Mo gbà. Ìyá Ìbejì, ṣé gbogbo owó yẹn ló jẹ́ tiyín? Bí alágbàtà yín bá yá yín nínú ẹ̀, ó máa ń ní àṣẹ láti fi ìpín yín yá ẹlòmíì.

ÌyáÌbejì_Houston:
Ọmọ àbúrò mi ló tẹ gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé ọ̀hún ni. Wọ́n yá mi ní 400 dọ́là. Ojú ewé kẹrìnlá, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà, àṣẹ yẹn wà níbẹ̀, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé ìpín tèmi ni wọ́n wá yá àwọn tó ń fà á wálẹ̀?

AlágbàtàTẹ́lẹ̀:
Ó ṣeé ṣe mà. Ẹ̀yin náà ni Ìyá Ṣadé.

ÌyáÌbejì_Houston:
Hẹn. Ẹ jẹ́ n pe ọmọ yẹn.