Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra aṣọ ní Mumbai rí, ibo lẹ ti rà á?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Àtìgbà tí mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi lọ gba ìtọ́jú ní Mumbai làwọn èèyàn ti ń bi mí níbi tí mo ti ra àwọn sílíìkì tí mò ń wọ̀ kiri, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ níbí, kẹ́ni tó bá ní tiẹ̀ náà mú un wá. Colaba Causeway ni gbogbo àlejò máa ń sáré lọ torí ó sún mọ́ Gateway of India, ẹnubodè ńlá táwọn àlejò máa ń lọ wò. Ibẹ̀ dáa fún yẹtí, bàtà, ṣálì, àmọ́ tí wọ́n bá ti rí i pé àlejò ni ẹ́, iye tí wọ́n máa pè á lé ẹ sá. Èmi ò ra aṣọ kankan níbẹ̀ o. Mangaldas Market ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ̀gbẹ́ Crawford Market ló wà, abẹ́ òrùlé ni gbogbo ẹ̀, ọ̀nà inú ẹ̀ tóóró, aṣọ tí wọ́n ń gé tà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọkùnrin tó tajà fún mi jókòó lórí tìmùtìmù funfun, kò wọ bàtà, bó ṣe ń fa ìdì kan yọ ló ń tú u dà sílẹ̀ níwájú mi, pupa, ewé, aláwọ̀ ẹyẹlé, ó tú u títí ojú fi ń tì mí láti dìde, mo ní èyí tí mo fẹ́ ò sí níbẹ̀, kò tiẹ̀ bínú, ńṣe ló tún fa òmíì yọ. Mítà ni wọ́n fi ń wọn aṣọ o, kì í ṣe yáàdì. Yáàdì 5 ò ju mítà 4.6 lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé mítà 5 fún yín tẹ́ ò bá nílò ẹ̀. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.

Àdùkẹ́ Pupa: Ẹ ṣeun mà. Àwa tá a lọ kàwé níbẹ̀ ò rówó sílíìkì, Linking Road ní Bandra ni tiwa 😂 tọ́ọ̀pù, jíìnsì, kurta (bùbá gígùn tiwọn), gbogbo ẹ̀ ló wà létí títì. Ọmọkùnrin kan pe kurta kan ní 1,500 rúpíì fún mi, mo ní 400, ó wò mí bíi pé mo bú bàbá ẹ̀, mo bá ń bá tèmi lọ, mi ò tíì dé ìsọ̀ kejì tó ti ń pariwo "madam, madam", 500 la parí ẹ̀ sí. Ẹ ò lè gbé e wọ̀ wò níbẹ̀ o, kẹ́ ẹ yáa gbé aṣọ tó bá yín mu dání kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Bàbá Tólú: Èmi ò lè ná ọjà lóòrùn jàre. Ṣọ́ọ̀bù Fabindia ní Kala Ghoda ni mo wọ̀, iye tó wà lára aṣọ náà lẹ máa san, kò sí ẹjọ́. Ó wọ́n ju ti títì lọ lóòótọ́, àmọ́ òwú tí wọ́n fọwọ́ hun ni, ó sì tutù lára.

Sísí Alárà: Ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ tínínrín lẹ ń sọ 😭 XL tiwọn kì í ṣe XL o! Ọwọ́ aṣọ dúró sí ìgbọ̀nwọ́ mi, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Mo bá ra sárì, aṣọ gígùn tí wọ́n máa ń wé mọ́ra, torí sárì ò mọ ẹni tó sanra, aṣọ búláòsì ti wà lára ẹ̀, wọ́n kàn máa gé e rán ni. Télọ̀ kan nítòsí òtẹ́ẹ̀lì wa sọ pé ọ̀túnla lòun máa rán an tán, ọjọ́ tá a fẹ́ wọ bàálù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bọ́tìnnì. Mo ti rò pé ti ilé nìkan ló ń purọ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ Fashion Street? Ọ̀kánkán pápá Azad Maidan, gbàǹjo gidi! Àmọ́ ẹ dá fọ aṣọ ibẹ̀ lọ́tọ̀ o, ṣẹ́ẹ̀tì pupa tí mo rà níbẹ̀ sọ gbogbo singlẹ́ẹ̀tì mi di píǹkì.

Àdùkẹ́ Pupa: 😂😂 Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ tún gbọ́, tẹ́ ẹ bá ń ti Bandra lọ sápá Colaba, kẹ̀kẹ́ Marwa ò gbọdọ̀ wọ ọ̀hún, tákísí tàbí ọkọ̀ ojú irin lẹ máa wọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ní kóòṣì tàwọn obìnrin lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ tẹ́rù bá pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì lọ láàárín June sí September, òjò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí títì rìn débi tẹ́ ẹ máa ná nǹkan.

Sísí Alárà: Ìyá Ìbejì, aṣọ ẹbí ni mo fẹ́ rà báyìí o, ó máa pọ̀ gan-an. Mangaldas náà ni?

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ náà ni. Gé aṣọ tó o fẹ́ díẹ̀ dání lọ, kó o sì bi wọ́n bóyá gbogbo ẹ̀ wà nínú àwọ̀ kan náà kó o tó sanwó, torí ìdì kan lè pọ́n ju èkejì lọ díẹ̀. Lóòrùn ni kó o ti wò ó, iná ọjà yẹn máa ń tanni.