Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ilé Guggenheim ní New York, kí ni ojú yín rí?

Àdùkẹ́ ará Brooklyn
Mo kí gbogbo ilé. Frank Lloyd Wright ló ya àwòrán ilé iṣẹ́ ọnà yìí. Ọdún 1943 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un, oṣù kẹwàá 1959 ni wọ́n sì ṣí ilé náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Kò sí pé a ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń yípo bí ìkarahun ìgbín láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé onígíláàsì. Èmi gbádùn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ilé nìkan ni òun rí, òun kò rí àwòrán. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Ìbejì
Ọkọ yín kò parọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìrora orúnkún ni mo bá bọ̀ ní tèmi, nítorí ẹsẹ̀ ni mo fi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn dé òkè pátápátá.

Ayàwòrán-ilé
Ta ló ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún? Ohun tí Wright ní lọ́kàn ni pé kí èèyàn wọ lífítì dé òkè, kí ó wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn tó to àfihàn náà, nítorí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó bá ti òkè bọ̀ yóò ka ìparí ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tọ́lá
Àga oníkẹ̀kẹ́ ni màmá mi jókòó sí. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo di búrékì: ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń fa àga náà sẹ́yìn, nígbà tí màmá ń sọ pé kí n dúró kí òun wo àwòrán kan dáadáa. Màmá ló kọ́kọ́ rí i pé ìsàlẹ̀ férémù kò bá ilẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ní, “Ṣé àwòrán yìí ló wọ́ ni, àbí ilẹ̀?”

Ayàwòrán-ilé
Ilẹ̀ ni, màmá sì rí i dáadáa. Ògiri pàápàá tẹ̀ sẹ́yìn. Wright fẹ́ kí àwòrán fẹ̀yìn ti ògiri náà, bí ó ti máa ń wà lórí igi tí a fi ń gbé àwòrán dúró nígbà tí ayàwòrán bá ń kùn ún lọ́wọ́, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sì gba ojú gíláàsì tóóró tó wà lókè ògiri wọlé sára rẹ̀. James Johnson Sweeney, olùdarí ìgbà náà, kò gbà. Ó fi ọ̀pá irin gbé àwọn àwòrán kúrò lára ògiri kí wọ́n lè nàró, ó kun ògiri ní funfun, ó sì fi iná mànàmáná rọ́pò ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Bàbá Ìbejì
Sweeney ṣeun. Àwọn oníṣẹ́ ọnà gan-an ti pariwo ṣáájú rẹ̀: ní 1956, àwọn mọ́kànlélógún fọwọ́ sí lẹ́tà láti tako ilé náà, Willem de Kooning sì wà lára wọn.

Àdùkẹ́ ará Brooklyn
Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn mọ ohun tí wọ́n lè fi ilé náà ṣe. Ní 2011, Maurizio Cattelan kò fi ohunkóhun kọ́ ara ògiri. Inú òfìfo àárín ilé ló so àwọn iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ sí láti òkè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìyẹn ni pé òun náà sá fún ògiri.

Ìyá Tọ́lá
Ṣé òótọ́ ni pé kọnkéré ìta rẹ̀ ti sán rí?

Ayàwòrán-ilé
Òótọ́ ni, ìyá. Wọ́n bó ọ̀dà tó ti gun ara wọn lórí, wọ́n sì tún un ṣe láàárín 2005 sí 2008.

Bàbá Ìbejì
Ògiri lanu ní Fifth Avenue! Aláǹgbá ibẹ̀ yóò ti rí ilé gbé. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin ayàwòrán-ilé: bí ògiri títẹ̀ yìí bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ilé gogoro mìíràn, tí ògiri rẹ̀ nàró, sẹ́yìn rẹ̀ ní 1992?

Ayàwòrán-ilé
Wright fúnra rẹ̀ ti ya ilé gíga sẹ́yìn ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Nínú àtúnṣe ọdún náà kan náà ni wọ́n sì tún ṣí ojú gíláàsì tí wọ́n ti dí, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé.

Bàbá Ìbejì
Ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè mi.