Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá kíláàsì rìn lọ òkèèrè, báwo ni ìparí ẹ̀ ṣe rí? Ti Mumbai tèmi rèé

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka ti àwọn tó lọ Dubai àti Istanbul, ẹ jẹ́ n sọ ti Íńdíà tèmi náà. Kíláàsì wa lódindi ni wọ́n kó lọ Mumbai, ètò ìlú àti ọ̀nà ọkọ̀ là ń kọ́, olùkọ́ wa ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò kó lọ wo ibi tí tréènì ti ń gbé ju 7 mílíọ̀nù èèyàn lójúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà, ọ́fíìsì la lọ jókòó sí, mi ò ní fìyẹn dá yín lágara. Ìparí ẹ̀ ló dùn, nígbà tí wọ́n ní iṣẹ́ ti tán, kí kálukú máa lọ síbi tó wù ú.

Erékùṣù Elephanta, tí ihò àpáta ìgbàanì wà, la ti ní lọ́kàn, àmọ́ Mọ́ńdè lọjọ́ yẹn, wọn kì í sì í ṣí i ní Mọ́ńdè, ni ẹgbẹ́ bá pín sí méjì, àwọn kan forí lé àdúgbò ìtajà Colaba lọ ra bàtà, àwa tó kù tẹ̀lé olùkọ́ lọ sí sítéṣọ̀n Churchgate lọ dúró de àwọn dabbawala. Oòrùn ti mú, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo kàn ń tẹ̀ lé wọn ṣáá ni.

Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n, àwọn ni ọkùnrin onífìlà funfun tó máa ń lọ gba oúnjẹ ọ̀sán láti ilé láàárọ̀, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé sítéṣọ̀n, wọ́n á gbé e wọ tréènì, kó tó di aago kan ó ti dé iwájú ẹni tó máa jẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n á tún gbé abọ́ òfìfo padà délé lọ́jọ́ kan náà. Láti 1890 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Lórí ìdérí abọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀dà kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i, èyí fún sítéṣọ̀n tó ti wá, èyí fún ibi tó ń lọ, èyí fún ilé àti àjà tí wọ́n máa gbé e gùn. Bí tréènì ṣe dúró báyìí, wọ́n sọ àpótí pákó gbọọrọ kalẹ̀, abọ́ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lẹ́bàá títì níbẹ̀, tìẹ rèé, tèmi rèé, ká tó ṣẹ́jú wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ tán. Ọmọ Jámánì kan nínú wa yọ fóònù, ó ní áàpù wo ni wọ́n ń lò. Áàpù kẹ̀! Ọ̀kan nínú àwọn dabbawala tó ru ẹrù lórí rí i pé a dúró sójú ọ̀nà òun, ó pariwo mọ́ wa, mi ò gbọ́ Marathi o, àmọ́ mo gbọ́ ìyẹn yékéyéké, mo yà.

Charles tó jọba Gẹ̀ẹ́sì báyìí lọ wò wọ́n ní 2003, ó sì pe méjì nínú wọn síbi ìgbéyàwó ẹ̀ ní 2005. Olùkọ́ wa ń sọ nípa ètò àti nọ́ńbà, ó dáa, ṣùgbọ́n lójú tèmi kì í ṣe nọ́ńbà ló di wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ wọn abúlé agbègbè ìlú Pune ni wọ́n ti wá, wọ́n mọ ara wọn látilé, owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá sì rí wọ́n á pín in dọ́gba. Ẹni tó bá mọ alájẹṣẹ́kù á mọ ohun tí mò ń wí.

Lẹ́yìn náà a wọ tréènì lọ sí Mahalaxmi lọ wo Dhobi Ghat, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ gbogbo ìlú. Àwa obìnrin lọ sí kóòṣì àwọn obìnrin. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀, tréènì kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, o gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó o tó dé ibi tó o máa bọ́ sí. Ìyá kan ní níbo ni mò ń lọ, mo sọ fún un, ó fà mí lápá, ó tò mí sẹ́yìn ẹni méjì tó fẹ́ bọ́ síbẹ̀ náà, ó wá ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ó ń já ewébẹ̀ sínú ọ̀rá. Inú ibẹ̀ náà ni mo ti ra yẹtí, wọ́n ń kiri ẹ̀ láàárín èrò. Àwọn tó lọ Colaba rí yẹtí mi lálẹ́, inú wọn ò dùn sí iye tí àwọn ra tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n Pune

Àbúrò mi, Elephanta tẹ́ ẹ pàdánù yẹn dùn mí o. Pune ni mo ti kàwé, a lọ nígbà tá a ṣe ìdánwò tán. Ọkọ̀ ojú omi láti Gateway of India, ẹnubodè òkúta ńlá tó wà létí òkun ní Mumbai, máa ń gbà tó wákàtí kan, èèyàn á wá gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Elephanta torí erin òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀, erin náà ti wà nínú ọgbà kan ní Byculla báyìí. Ère òrìṣà Shiva olórí mẹ́ta tó wà nínú ihò àpáta ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 6, inú àpáta ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Níta, ọ̀bọ já mínírà gbà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, ó ṣí ìdérí, ó mu ún, ó sọ ìgò ẹ̀ sílẹ̀!

Gateway fúnra ẹ̀, 1924 ni wọ́n kọ́ ọ parí, torí Ọba George Karùn-ún ti Gẹ̀ẹ́sì tó wá ní 1911. Abẹ́ ẹ̀ náà ni àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn gbà lọ ní February 1948. Mo ga, mo dúdú, bí mo ṣe ń kọjá ní pápá Oval Maidan báyìí àwọn ọmọdé tó ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe "Gayle! Gayle!", wọ́n ní Chris Gayle, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-kírikẹ́ẹ̀tì yẹn, lèmi, wọ́n gbé igi tí wọ́n fi ń gbá a lé mi lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló gbé igi ẹ̀yìn mi lulẹ̀. Wọ́n ṣì ya fọ́tò pẹ̀lú mi.

Àdùnní Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú, mò ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, oúnjẹ àti owó ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti ń ra aṣọ gidi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds

Jẹ vada pav, pòtétò díndín ni wọ́n fi sáàárín bùrẹ́dì, ata tútù díndín ló máa ń tẹ̀ lé e, ata yẹn kì í ṣeré. Tíì wọn, ife ìdajì ni kó o ní kí wọ́n bù, ó dùn. Fóònù ni gbogbo wọn fi ń gbowó, títí kan oní-tíì ẹ̀bá ọ̀nà ló lẹ kóòdù mọ́ àtẹ, àmọ́ báńkì tèmi ò bá a ṣiṣẹ́, torí náà mú owó bébà dání, kó o sì wá ṣéńjì.

Aṣọ, Mangaldas Market ni, ó wà nítòsí Crawford Market, mítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe yáàdì. Ẹni tí mo rà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ iye tó fẹ́ sórí kákúlétọ̀, ó nà án sí mi, èmi náà tẹ tèmi, ó rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ òmíràn, a ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi ní kí wọ́n gbé tíì wá. Aṣọ náà ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Tó bá rán an tán màá fi fọ́tò síbí.