Gígun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ n'Ìbàdàn: òkè ni kí ẹ kà, ẹ fi kìlómítà sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrìn o. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè bí a ṣe lè kó èèyàn 10 sí 12 jọ kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere káàkiri ìgboro fún ìgbafẹ́, láìbá ara wọn díje, kí gbogbo wọn sì délé láyọ̀. Ohun tó ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká jù ni kí ẹni tó ṣètò wo máàpù, kó rí i pé ọ̀nà kò jìn, kó sì gbàgbé òkè.

Ẹ kúrò ní géètì Yunifásítì, kí ẹ gba Bódìjà dé Sẹkitéríàtì, kí ẹ sì padà, bíi kìlómítà 10 ni. Ọmọ ọdún 12 á gùn ún délé. Kìlómítà 10 kan náà tó bá gba Bẹẹrẹ gun Mápó, tó tún yà sí Òkè Àrẹ, àgbà tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa yóò sọ̀kalẹ̀, yóò máa tì í. Orí òkè ni wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó sí ní 1929, orí Òkè Àrẹ sì ni wọ́n kọ́ ilé gogoro Bower sí ní 1936. Ẹni tó bá fi méjèèjì sínú ìrìn kan, kó má fi òkè mìíràn kún un mọ́.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ gba ibi tó tẹ́jú kí ẹsẹ̀ lè móoru, lẹ́yìn náà kí òkè tó le jù tẹ̀ lé e kí oòrùn tó mú. Kí ìparí ìrìn jẹ́ ibi tó ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá fi òkè sí ìparí, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti lọ́, ibẹ̀ náà ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àkókò, ẹgbẹ́ tó ń gbafẹ́ kì í sáré ju kìlómítà 12 sí 15 lọ ní wákàtí kan. Ẹ ka ìsinmi àti fọ́tò mọ́ ọn, kìlómítà 20 á gba wákàtí 2 àbọ̀. Ọjọ́ Àìkú ló dára jù: ẹ pàdé ní aago 6:15, kí ẹ gbéra ní 6:45, nígbà tí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ní oṣù kìíní, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, torí oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago 7. Tó bá fi máa di aago 8, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti gba títì. Ọjọ́ Sátidé, ẹ yàgò fún ọjà Bódìjà pátápátá. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó oúnjẹ wọlé kò ní ráyè fún yín.

Kí ẹni tó ṣètò gun ọ̀nà náà wò tẹ́lẹ̀, ní irú ọjọ́ kan náà àti aago kan náà. Ọ̀nà ọjọ́rú kì í ṣe ọ̀nà ọjọ́ Àìkú.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ kún un, torí òkè nìkan kọ́ ló ń tú ẹgbẹ́ ká.

Ẹni kan ló máa ń ṣíwájú, ẹni kan ló máa ń kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá ẹni tó ṣíwájú tàbí kó wà lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tó kẹ́yìn ni kí ó ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá dé oríta, ẹni kejì nínú ìlà á dúró síbẹ̀, á na ọwọ́ sí ibi tí ẹ yà sí, kò sì ní kúrò títí ẹni ìkẹyìn á fi dé. Á wá wọlé síwájú rẹ̀. Ní oríta tó kàn, ẹni tó bọ́ sí ipò kejì á ṣe bákan náà. Pẹ̀lú èyí, kò sẹ́ni tó máa sọnù ní Sángo tàbí Mọ́kọ́lá, bí ìlà tiẹ̀ gùn.

Àṣìṣe kan wà tí kì í hàn sí àwọn tó lágbára. Wọ́n á dé orí òkè, wọ́n á sinmi, bí ẹni ìkẹyìn bá ṣe ń dé báyìí, wọ́n á gbéra. Ẹni tó rẹ̀ jù ni kò wá rí ìsinmi rárá. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 5. Èyí ṣe pàtàkì lọ́kàn mi ju kẹ̀kẹ́ olówó ńlá lọ.

Tí ẹ bá ju 12 lọ, ẹ pín sí méjì, kí ìṣẹ́jú 5 wà láàárín wọn. Ẹ tò ní ìlà kan ṣoṣo lápá ọ̀tún títì, kí ẹ jìnnà tó mítà kan sí Micra (ọkọ̀ èrò kékeré) tó dúró, torí èrò lè ṣílẹ̀kùn nígbàkúùgbà. Micra tó wà níwájú yín náà lè já wọ ẹ̀gbẹ́ títì láti gbé èrò láìtan iná, nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀.

—

Mo gbà. Ṣùgbọ́n táyà ló ń dá ìrìn dúró jù.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa, fáàfù wọn (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ tíúbù) kò sì dọ́gba. Èyí tó tóbi bíi ti mọ́tò, pọ́ǹpù fọkanáísà bá a mu. Èyí tó tín-ínrín, tí wọ́n ń pè ní Presta, kò bá a mu rárá àfi kí ẹ ní ìdè onídẹ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Ẹ ra méjì sínú àpò. Ẹ kó tíúbù kan fún ìwọ̀n táyà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹgbẹ́ (26, 27.5, 29 tàbí 700), ìyọ táyà onírọ́bà méjì, súlúṣọ̀n àti lílẹ̀, pọ́ǹpù ọwọ́, sípánà 15, àti sípánà onírìísí L 4, 5 àti 6.

Fọkanáísà ń bẹ káàkiri, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lágbára jù fún tíúbù kẹ̀kẹ́: láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó lè bẹ́. Ẹ ní kó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Táyà gbòòrò oníwọ̀n 26 kò nílò ju 35 sí 50 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) lọ.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fa búréèkì méjèèjì kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ṣì ń yí, kẹ̀kẹ́ náà kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti Mápó.

—

Nǹkan díẹ̀ tó kù. Nígbà òjò, ẹ má wọ adágún omi tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gọ́tà tí kò ní ìdérí lè wà níbẹ̀. Iyanrìn tí òjò kó sórí ọ̀dà níbi tí títì ti yà máa ń yọ̀, ẹ fa búréèkì kí ẹ tó yà, ẹ má fà á lásìkò tí ẹ ń yà. Ojú irin rélùwéè, ẹ gbà á ní ìbú.

Lásìkò egúngún, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò kí ẹ tó wọ inú ìgboro àtijọ́. Obìnrin kì í rí Olóòlù, kò sì yẹ kí ẹ kó obìnrin inú ẹgbẹ́ yín sínú ewu tí ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá yọ wọ́n nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gba Jẹ́ríkò àti Ẹlẹ́yẹlé.

Omi: ìdajì lítà fún ẹnì kan ní wákàtí kan, kó pọ̀ sí i nígbà ọyẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà ni kí ẹ jẹ láàárín ọ̀nà. Àmàlà, ìgbà tí ẹ bá ti gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ni.