Èmi àti àbúrò mi jọ ń ṣe é, òun nìkan ló ń fọn

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń ṣeré ìdárayá láràárọ̀ ni, ìwọ̀n oúnjẹ kan náà la sì ń bù. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ti ṣò sí i lára, tèmi ń fún mọ́ mi sí i. Àwọn ẹbí wá ń sọ pé mò ń yọ́ jẹun lóru. Ó dùn mí wọra! Mo ṣàyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn àbùdá tá a jogún lọ́dọ̀ òbí, wọ́n ní mo ní irú jíìnì FTO tó ń múni sanra. Ṣé kí n kúkú jáwọ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jáwọ́ o. Àwọn ìbejì mi ń jẹun nínú abọ́ kan náà, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì sanra. Bí wọ́n ṣe dáyé nìyẹn.

Alákíkanjú: Gbogbo nǹkan ṣáà ni jíìnì. Ẹ dín ẹnu kù!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má bú u. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni wọ́n, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì jíìnì tó ń yàtọ̀ láàárín èèyàn ni wọ́n jọ ní. Ẹni tó gba irú FTO yẹn lọ́dọ̀ òbí méjèèjì sábà máa ń fi bíi kílò 3 wúwo ju ẹni tí kò gbà á rárá. Ebi ló ń tètè pa wọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣọ́ oúnjẹ tí wọ́n sì ń ṣeré ìdárayá, àwọn náà ń fọn bíi tàwọn yòókù. Ní 2018, ní yunifásítì Stanford, wọ́n ní kí àwọn kan lára àgbàlagbà 609 dín ọ̀rá kù, kí àwọn yòókù dín oúnjẹ afáralókun kù, fún ọdún kan. Jíìnì tí wọ́n yẹ̀ wò kò fi ẹni tí èyíkéyìí máa ṣiṣẹ́ fún jù hàn. Àǹtí, ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?

Àbẹ̀kẹ́: Rárá. Alákíkanjú, ṣé inú ilé wa lẹ ń gbé ni? Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta nìkan ni mò ń gbà látìgbà tí mo ti bímọ, ìyẹn kì í ṣe oògùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Oògùn ni, ó sì máa ń mú àwọn obìnrin kan sanra.

Ìyá Ìbejì: Èmi gbà á títí, mi ò sanra!

Alákíkanjú: Ara yín kọ́ ni tiwọn.

Àbẹ̀kẹ́: Àbúrò mi kì í gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gún mi ní òmíràn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín. Ẹ má kàn pa á tì, kí oyún má lọ wọlé. Ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò ní hòmóònù, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú abẹ́rẹ́ yẹn, wà. Kí wọ́n tún bá yín yẹ tairọ́ọ̀dì wò, ìyẹn ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ.