Tírákítọ̀ mi ń dún kó-kó-kó: ṣé bíárìn kọ́ńrọ́ọ̀dù nìkan ni kí n pààrọ̀?

Àgbẹ̀ Ìsánlú: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tírákítọ̀ oní sìlíńdà mẹ́rin ni mo fi ń túlẹ̀ fún àwọn èèyàn, Perkins 4.236 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún kó-kó-kó nísàlẹ̀. Tó bá tutù, gééjì ọ́ìlì ń dúró; tó bá gbóná, tí mo dín iná kù, ó ń wálẹ̀. Mẹkáníìkì wa tú sọ́m̀pù, àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó yọ bíárìn kọ́ńrọ́ọ̀dù kẹta, ìyẹn irin tín-ín-rín tó wà láàárín kíráńkì àti kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì. Ojú rẹ̀ tó funfun ti họ tán, bàbà pupa ti yọ. Ó ní kí n ra séètì tuntun, kí a fi rọ́pò, kí n padà sóko. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Òjò ti ń rọ̀, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì Kábà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan! Kí wọ́n kọ́kọ́ fi micrometer, irinṣẹ́ tó ń wọn ìnípọn irin, wọn ojú kíráńkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí kọ́ńrọ́ọ̀dù yẹn ti dì mú un, lóròó àti níbùú. Tó bá ti rí bí ẹyin, tàbí tí èékánná ń kọ́ lára rẹ̀, yóò tún jẹ bíárìn tuntun náà ni. Wọ́n máa lọ̀ ọ́, ẹ óò sì ra bíárìn tó nípọn díẹ̀ sí i: tẹ́ẹ̀nì, twenty tàbí thirty, ìyẹn ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì 10, 20 tàbí 30. Ẹ wo ẹ̀yìn ti àtijọ́ dáadáa, wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti lọ kíráńkì náà rí.

Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní purọ́. Kí kíráńkì tó jáde, a ó pín tírákítọ̀ sí méjì. Ẹ fi igi tó lágbára gbé e, jáàkì nìkan ò tó.

Awakọ̀ Àgbà: Àwa máa ń fi fáìlì ha káàpù, ìdajì ìsàlẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù tó dì mú kíráńkì, díẹ̀, ariwo náà á sì lọ. Ta ló fẹ́ dúró de kíráńkì tí wọ́n gbé lọ lọ̀ ní Ìlọrin lásìkò yìí?

Mẹkáníìkì Kábà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Káàpù tí wọ́n bá ti ha, ihò rẹ̀ ò ní rí róbótó mọ́. Ẹ ti ba kọ́ńrọ́ọ̀dù jẹ́ nìyẹn, bíárìn wo ló fẹ́ jókòó síbẹ̀?

Ìyá Oníkàṣú: Kí ló tiẹ̀ jẹ ẹ́? Ẹ yẹ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò. Pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísẹ́lì láti inú táǹkì, bí awọ inú rẹ̀ bá ya, inú ọ́ìlì ló ń jò sí. Ọ́ìlì á máa ga, inú yín á máa dùn, ó sì ti fúyẹ́, kò lè gbé bíárìn mọ́.

Àgbẹ̀ Ìsánlú: Ọ́ìlì tí a fà jáde pọ̀ ju èyí tí mo bù sí i lọ, ó sì ń rùn dísẹ́lì!

Mẹkáníìkì Kábà: Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dà á pọ̀, ẹ fọ ihò ọ́ìlì inú kíráńkì, ẹ̀rún irin máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn lílọ̀. Kí nọ́ńbà káàpù bá ti kọ́ńrọ́ọ̀dù mu, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ̀yìn bíárìn á gbẹ, iwájú rẹ̀ la ń pa ọ́ìlì sí. Tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, sípánà tó ń wọn bí a ṣe dì í le tó, la fi ń dì í, kì í ṣe agbára apá. Ẹ máa yí kíráńkì wò bí ẹ ṣe ń dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá fún gan-an, ẹ dúró. Ẹ fa ìpaná, èyí tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi stáàtà yí i títí gééjì á fi gòkè, kó tó di pé ẹ tan án.

Àgbẹ̀ Ìsánlú: Ẹ ṣeun gan-an. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń lọ kíráńkì ní Lọ́kọ́jà?