Ìbéèrè ìmọ̀ràn: àwòrán bí eérú, àwọ̀ bí ẹrẹ̀, ìkòkò tó ń bẹ́ nínú iná (ND1 Art and Design)

Ọmọ ND1:
Salamu alaikun o, ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún kìíní Art and Design ni mo wà níbí ní Ìlọrin. Àwòrán pẹ́ńsù mi, gbogbo rẹ̀ máa ń rí bí eérú, olùkọ́ ní kò ní tone, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ibi tó mọ́ àti ibi tó dú. Bí mo bá po pupa mọ́ búlúù kó lè di elésè àlùkò, ẹrẹ̀ ni mo máa ń rí. Nínú ìkòkò mẹ́ta tí mo mọ, méjì bẹ́ nínú iná. Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Kí ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Táńkẹ̀:
Wa alaikun salam, àbúrò. Jẹ́ ká mú ti pẹ́ńsù ṣáájú, torí òun ni àwọn tó kù dúró lé. Ó dà bíi pé HB nìkan lò ń lò. HB le. Bó ti wù kó o tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní dú, dídán ni yóò máa dán, pépà á sì jinkòtò. Ra mẹ́rin: HB, 2B, 4B àti 6B; bí nọ́ńbà iwájú B bá ṣe ń pọ̀ sí i ni pẹ́ńsù ń rọ̀, tó sì ń dú sí i. Bíléèdì ni kó o fi gbẹ́ ẹ, kí ẹnu rẹ̀ yọ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ṣápúnà máa ń gé e kúrú jù, o ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun nǹkan.

Kó o lè mọ tone, fi rúlà fa àpótí mẹ́sàn-án tò tẹ̀léra lórí ìlà kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní funfun. Fi 6B kun ìkẹsàn-án títí yóò fi dú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ìkarùn-ún ló kàn, kó wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkẹta àti ìkeje, kó o tó wá kun ìyókù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní lọ tààrà, kó tó dé ìkarùn-ún ló ti dú tán, kò ní ríbi lọ mọ́. Bó o bá parí, sún sẹ́yìn, fún ojú rẹ pọ̀ díẹ̀ kó o wò ó. Bí àpótí méjì bá pa pọ̀ di ọ̀kan, tún wọn kùn.

Má fi ìka ra á o! Òróró ara ìka ló ń sọ ọ́ di eérú. Tẹ́ pépà funfun sábẹ́ ọwọ́ rẹ bó o bá ń yà á.

Oníṣọ̀nà Ọ̀fà:
Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìmọ́lẹ̀ kún un. Àbúrò, gbé agolo mílíìkì kan àti ọsàn kan sórí tábìlì, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí gílóòbù bá ń tàn lókè tí fèrèsé tún ṣí sílẹ̀, òjìji méjì ni wàá rí, o ò sì ní mọ èyí tí wàá tẹ̀ lé. Wo ara ọsàn yẹn dáadáa: ibi tó dú jù kì í ṣe etí rẹ̀. Ó wọnú díẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí tábìlì tún ta padà sábẹ́ ọsàn. Ìmọ́lẹ̀ àtapadà yẹn kò gbọdọ̀ mọ́ tó ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ iná. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwòrán ọdún kìíní ti ń bàjẹ́.

Má máa ya nǹkan látinú fóònù, fóònù ti sọ ọ́ di pẹlẹbẹ kó o tó rí i. Bó o bá rówó ọkọ̀, lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, tó ti wà láti 1945. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n gbẹ́ irun àti ilà ojú sí wọn lára. Jókòó ti ẹyọ kan fún wákàtí kan. Na ọwọ́ gbọọrọ, di ojú kan, fi pẹ́ńsù wọn gígùn orí, kó o wá ka iye ìgbà tó wọ inú gbogbo ara. Ènìyàn tó dúró máa ń tó orí méje sí mẹ́jọ, àmọ́ ère wa kì í tó bẹ́ẹ̀, orí la máa ń gbẹ́ tóbi. Ohun tó o wọ̀n ni kó o yà.

Ìyàwó Aláró:
Pupa rẹ ló lẹ́bi. Pupa tó fẹ́ jọ ọsàn ní yẹ́lò nínú. Yẹ́lò yẹn bá búlúù pàdé, ló bá di ẹrẹ̀. Pupa tó jọ omi sóbò ni kó o wá, crimson ni wọ́n ń kọ sára ìgò rẹ̀. Búlúù tó bá a mu ni ultramarine, kì í ṣe èyí tó fẹ́ jọ ewé. Tú èyí tó mọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kó o máa fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kán èyí tó dú sí i. Bó o bá ṣe é lódì, ọ̀dà á tán lọ́wọ́ rẹ. Kí ó ki bí ẹ̀kọ mímu: bó bá ṣàn jù, ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà á hàn, bó bá ki jù, á sán bó bá gbẹ. Ife omi méjì ni, ọ̀kan fún fífọ̀, ìkejì fún pípò. Má sì fi dúdú mú yẹ́lò ṣókùnkùn, àwọ̀ ewé ló máa dà.

Ọmọ ND1:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Kí ni mo lè fi sílẹ̀ láìrà?

Ìyàwó Aláró:
Easel, ìyẹn igi tí wọ́n ń gbé àwòrán lé, àti páálí àwọ̀ 36 yẹn. Crimson, ultramarine, yẹ́lò, funfun àti dúdú ti tó. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kan, róbótó méjì. Má fi orí rẹ̀ dúró sínú omi.

Ìyá Ìkòkò, Òkèlele:
Ọmọ mi, omi ló ba ìkòkò rẹ jẹ́. Omi tó kù sínú amọ̀ máa ń di oru bí ooru bá ti tó 100°C. Bí kò bá ríbi gbà jáde, á là á. Má jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kó sì dọ́gba, torí ibi tó fẹ́lẹ́ á ti gbẹ, á ti sún kì, kí ibi tó nípọn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fa ara wọn ya. Amọ̀ ọ̀nà márùn-ún, fi àfọ́kù ìkòkò tó o lọ̀ kúnná ọ̀nà kan sí i. Òun ló ń lànà fún oru. Tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìyẹ̀fun búrẹ́dì, fi okùn tín-ín-rín gé e sí méjì. Bí ihò bá ṣì wà lójú rẹ̀, tún un tẹ̀. Bó o bá fẹ́ lẹ etí mọ́ ọn, fi ìgbálẹ̀ ha ojú méjèèjì, fi amọ̀ olómi pa á ṣáájú.

Yà sí Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò lọ́dọ̀ wa níbí. Wàá rí bí àwọn ìyá ṣe ń tẹ amọ̀ bo ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wàá mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń dọ́gba. Lẹ́yìn mímọ, fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kó o wá ṣí i sábẹ́ ibòòji, má gbé e sóòrùn. Bí iná bá débẹ̀, kó kọ́kọ́ máa yá díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ ND1:
Ẹ ṣé, mà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ dénú, pàápàá nígbà òjò?

Ìyá Ìkòkò, Òkèlele:
Gbé ìdí rẹ̀ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Bó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀. Dá a padà sábẹ́ ibòòji, kó o tún wò ó lọ́túnla.